Lẹ́tà sí Àjàní lórí Alùpùpù Bàbá Rẹ̀

Lálúpọn, Ìbàdàn

Àjàní ọmọ àbúrò mi,

Mo rí àwòrán mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ sì ti pè mí láti Àkànrán pé wẹ́dà ń bọ̀ wá gé férémù Honda bàbá rẹ ní Sátidé. Jọ̀ọ́, bá mi dá a dúró. Alùpùpù náà ti di tìrẹ, mi ò ní ní kí o má dárà sí i. Ẹni tó jogún agbádá bàbá rẹ̀ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó mọṣẹ́ a máa wọn èèyàn kó tó mú sísọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà tí ò ń gbà ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n. Ọ̀dà kò dé abà yín. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ pupa yẹn a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ni. Ẹ̀gẹ́ lò ń kó wálé, kòkó lò ń kó jáde, ìyá rẹ a sì máa jókòó sẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ ọjà.

Àwòrán àkọ́kọ́, tí háńdù rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí àga rẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ, café racer ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Wọ́n á pàdé ní Ace Cafe, tí wọ́n ṣí sí etí títì North Circular ní 1938, wọ́n á sì bẹ́ sí eré. Ọ̀dà ni wọ́n ń gùn. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ sórí háńdù bẹ́ẹ̀ lọ́nà oko wa, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa gba gbogbo kòtò. Àwọn tó ń ṣe é tún máa ń yọ àpótí tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò. Eruku ọyẹ́ á wọlé, á jẹ pístìnnì.

Èkejì, elẹ́sẹ̀ gígùn iwájú, chopper. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, Cliff Vaughs àti Ben Hardy, ló kọ́ àwọn tó wà nínú fíìmù Easy Rider ti ọdún 1969, fíìmù náà kò sì dárúkọ wọn. Ó dùn mí fún wọn, mo sì fẹ́ kí o mọ orúkọ wọn. Síbẹ̀, fọ́ọ̀kì gígùn yẹn kì í tètè yí, kó tó yí, ẹrẹ̀ á ti gbé ọ ṣubú.

Èmi gan-an ti gé férémù rí. Suzuki mi ni, ní 1991. Mo fẹ́ kí ìdí rẹ̀ kúrú kó lè jọ tàwọn ará ìlú. Wẹ́dà gé e, ó sì jó o padà. Oṣù kejì kò tíì pé tí ojú ibi tó jó fi já lọ́nà Ẹ̀rúnmú, tèmi tapẹ̀rẹ̀ obì la sì ṣubú. Bàbá rẹ ló fi Honda yìí wá gbé mi. Títí dòní, orúnkún mi ń sọ fún mi bí òjò bá ń bọ̀.

Honda yẹn ní ìtàn. Nígbà tí ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ká ní 1986, owó kòkó gbéra, àbúrò mi sì rà á lọ́dún kejì. CG125 ni. Honda gbé irú rẹ̀ jáde ní 1976 fún àwọn ibi tí ẹrù ti ń wúwo, tí èèyàn kì í sì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n fi ọ̀pá irin ṣí fáàfù, wọn kò fi ṣéènì sínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sì fi páànù bo ṣéènì ẹ̀yìn kí yanrìn má bàa jẹ ẹ́. Má ṣí páànù yẹn nítorí ẹwà.

Àwòrán kẹta ni kí o mú. Scrambler: háńdù gbòòrò, ó ga, táyà eléyín, sàláńsà tó gòkè. Ra háńdù àti táyà ní Ararọ̀mí, ní Géètì, kí o gbé ti àtijọ́ lọ fi wọ̀n ọ́n. Mọ́dígáàdì iwájú, gbé e sókè, má yọ ọ́. Fi irin pẹlẹbẹ bo ara sàláńsà kó má bàa jó ìyá rẹ lẹ́sẹ̀. Àga, jẹ́ kó gbà yín méjèèjì. Kí wọ́n fi fóòmù líle sí i. Bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì ni kí o fi de gbogbo ohun tuntun, kó lè ṣeé tú. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sọ́rùn férémù, má jẹ́ kí ọ̀dà tàbí fáìlì kàn án, torí ọlọ́pàá. Àwọ̀ táńkì, ìwọ lo ni í. Tí ó bá jẹ́ èmi, mà á kùn ún ní àwọ̀ kòkó tó pọ́n.

Kárìà ẹ̀yìn yẹn, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́ fún bàbá rẹ. Kò sí lára rẹ̀ nígbà tó rà á. Òun náà dárà. Gbogbo ohun tó tú kúrò láti fi í sí i, ó kó wọn wá síbí. Wọ́n wà lájà yàrá mi, nínú àpò ìrẹsì, bọ́ọ̀tì wọn wà nínú ọ̀rá, ó so ó. Wá kó wọn ní Sọ́ńdè. Dé akoto.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Lálúpọn