Ìran Àkọ́kọ́ Ni Owó Tí A Fi Ṣe Eré

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi gba ẹ̀yin ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta níyànjú, ẹ̀yin tí ẹ kọ eré kékeré nípa ọmọ tó ríṣẹ́ nítorí orúkọ bàbá rẹ̀, àti ọmọ tó mọ̀wé jù ú lọ tó ń kiri ọjà ní Pánṣẹ́kẹ́. Eré ti wà nílẹ̀, àwọn òṣèré ti mọ ọ̀rọ̀ wọn sórí, owó tí ẹ ó fi gbé e jáde ni kò sí. Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀nà tí ẹ bá gbà kó owó yìí jọ ni ìran àkọ́kọ́ nínú eré náà. Bí ìyẹn bá wọ́, ìyókù kò lè tọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ ń jẹ gàba lé Ẹ̀gbá lórí, àáró ni Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí wọ́n á ro oko ẹni yìí, lọ́la wọ́n á ro ti ẹnì kejì. Ẹgbẹ́ aláàáró yẹn ló di ọmọ ogun tó tú Ẹ̀gbá sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, àáró ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ìnáwó yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: gbọ̀ngàn, iná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, epo jẹnẹrétọ̀, aṣọ, oúnjẹ ọjọ́ ìdánrawò, owó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tí èèyàn lè fún yín láìjẹ́ owó. Gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀ dára, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan tó fún eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ kan lọ tọrọ owó eré ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, rí. Ìyá aláró tí a bá níbẹ̀ kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó fa àdìrẹ kan yọ nínú òkìtì, ó nà án sí apá rẹ̀, ó wọn yáàdì mẹ́rin. Ó ní, “Owó ò sí lọ́wọ́ mi o, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n èyí á bo ìyàwó inú eré yín. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ nínú òjò, aró rẹ̀ ò tíì mu dáadáa.” Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fa owó aṣọ rẹ́ nínú ìwé ìnáwó wọn.

Owó gidi wá ńkọ́? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ wo Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ọlọ́pàá ni ní 1944, nígbà tó ṣe eré fún ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó, kí ìjọ lè rówó kọ́lé. Ibẹ̀ ló ti rí i pé owó wà lọ́wọ́ èrò, bí eré bá ti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí eré wọn, Yorùbá Ronú. 1966 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ẹgbẹ́ kò kú, nítorí kì í ṣe ọwọ́ ìjọba ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú eré yín lọ sí ìpàdé àwọn ọlọ́jà, ti àdúgbò, ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde. Ẹ ṣe é lójú wọn, kí ẹ tó na tíkẹ́ẹ̀tì sí wọn.

Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí ọ̀gá kan ṣèlérí gbogbo owó fún. Nígbà tó ka eré wọn tán, ó ní kí ọmọ tálákà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ olówó níparí. Wọ́n yí i bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ eré, kò sí ẹni tó rí ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Nítorí náà, ẹ má gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó yín lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀bùn kò yí ọ̀rọ̀ eré padà.

N kò ní kí ẹ kẹ̀yìn sí ọlọ́lá o. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé ní Ìlú Ọba nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú yìí kò mọ ìwé kà. Àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ kó jọ. Nígbà tó yá, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ó ń wọ ìró àti bùbá bíi tiwọn, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀ ní 1946. Àwọn ni wọ́n gbógun ti owó orí obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ọwọ́ tó tó pẹpẹ ló bá ọwọ́ tó wọ akèrègbè ṣiṣẹ́.

Irú ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bẹ olówó fún. Ẹ má ṣe háì tébù. Iye kan náà ni kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀, kó ra ti ẹlòmíràn fún un. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ìṣirò owó sétí gbogbo ilé, orúkọ ẹni tó mú àdìrẹ wá àti ti ẹni tó mú owó ńlá wá lórí ìlà kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ jókòó.

Nígbà náà ni ìyá aláró bíi ti Ìtòkú á wọlé, á rí àdìrẹ tó fún yín lára òṣèré yín, yóò sì rí i láti orí ìjókòó iwájú, nítorí pé ó tètè dé.