Àgbáyun nínú ìkòkò

Ìbéèrè: Ilé àyágbé ni mo ń gbé ní Sakété, mi ò ní ilẹ̀. Ṣé mo lè gbin strawberry sínú ike?

Ìdáhùn: Ẹ lè gbìn ín, ṣùgbọ́n ibi tútù ló mọ́ ọn lára, ooru Sakété àti Pobè kì í jẹ́ kó so dáadáa. Àgbáyun ni mo fẹ́ kí ẹ gbìn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, igi kékeré tí kì í yára dàgbà, ilẹ̀ kíkan ló sì fẹ́, pH 4.5 sí 5.8. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi bá a mu: ẹ̀yin lẹ ó yan ilẹ̀ tí ẹ ó fún un. Ní gúúsù Florida, níbi tí òkúta ẹfun kún inú ilẹ̀, inú ike ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn ín sí. Ẹ lu ìdí ike kí omi má baà dúró, ẹ po ilẹ̀ pupa mọ́ ewé jíjẹrà, ẹ má sì fi eérú sí i rárá, torí eérú ń pa kíkan ilẹ̀. Ibòòji díẹ̀ dára fún un.

Ẹnìkan lè ní ó pẹ́ jù, torí ó máa ń tó ọdún 3 tàbí 4 kó tó so. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayálégbé tó bá ń kó lọ lè gbé ìkòkò rẹ̀ dání. Wọ́n tún lè ní èso rẹ̀ kéré, kò yó èèyàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ miraculin, tí àwọn onímọ̀ yà sọ́tọ̀ ní 1968, ló ń sọ ọsàn wẹ́wẹ́ di adùn lẹ́nu. Kóró rẹ̀ kì í hù mọ́ bó bá gbẹ. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ èso náà.