Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Afẹ́fẹ́?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ní sùúrù fún mi. Ibi tí ó ti kàn wá ń bọ̀ níwájú. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá sí ìletò, tí ó ní òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀, èrè wo ni ó yẹ kí àwọn ará ibẹ̀ máa retí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Òpó gíga ni, tí ó sábà máa ń ní apá mẹ́ta lórí. Afẹ́fẹ́ a máa yí apá wọ̀nyí, apá a sì máa yí ẹ̀rọ amúnáwá tí ó wà lórí òpó. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì lásán, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Nítorí èyí ni a fi ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti le. Ní orílẹ̀-èdè wa, afẹ́fẹ́ ìhà Àríwá le ju ti ilẹ̀ igbó wa lọ. Ibẹ̀ ni ìjọba gbé ẹ̀rọ 37 sí, ní Lambar Rimi, ìpínlẹ̀ Katsina.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí mo rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀ jù ni ti ẹ̀bá Adágún Turkana ní Kenya. Ẹ̀rọ 365 ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 850, àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 310. Wọ́n ti nà wọ́n ró tán ní 2017, ṣùgbọ́n kò sí wáyà tí yóò gbé iná wọn lọ títí di oṣù Kẹsàn-án 2018. Ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbà tó éékà 150,000, ilẹ̀ tí àwọn Samburu, Turkana àti Rendille ti ń da ẹran.

Kí a má purọ́, àǹfààní dé. Wọ́n tún ọ̀nà tí ó gùn tó kìlómítà 208 ṣe, láti Laisamis dé ibi iṣẹ́. Ẹni tí ó ti gbé aláìsàn gba ojú ọ̀nà olókùúta rí yóò mọ ohun tí èyí jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ rí iṣẹ́ ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí òpó bá ti dúró tán, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Iná náà ńkọ́? Wáyà alágbára tí ó gba fọ́ltì 400,000 ni ó ń gbé e lọ sí Suswa, ìrìn tí ó ju kìlómítà 400 lọ. A kò lè já irú iná bẹ́ẹ̀ wọ ilé, àfi bí a bá kọ́ ibùdó tiransifọ́mà tí yóò rọ agbára rẹ̀ sílẹ̀, owó ńlá sì ni ibùdó bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ènìyàn lè máa sùn lábẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kí ó sì máa tan àtùpà. Ẹni tí ó bá ṣèlérí iná fún abúlé, ẹ bi í pé ta ni yóò ra tiransifọ́mà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní 2014 àwọn ará ibẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ lórí ilẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2021 ilé-ẹjọ́ ní Meru dájọ́ pé ọ̀nà tí a gbà ṣe ìwé ilẹ̀ náà kò bá òfin mu. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Ní Kinangop, ní Kenya kan náà, ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ dé ibi òpó: àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí bá a lọ, ní 2016 ilé-iṣẹ́ pa èrò mẹ́gáwáàtì 60.8 náà tì. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò fa àìsàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá ṣàlàyé fún olóko ní èdè rẹ̀, ẹlòmíràn yóò bá a ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ẹ wá wo Gigha, erékùṣù kékeré kan ní Scotland. Ní 2002 àwọn tí ń gbé ibẹ̀, tí wọn kò ju bí 100 lọ, ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Wọ́n ra ẹ̀rọ àlòkù mẹ́ta, kílówáàtì 225 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ wọ́n ní Ìgbàgbọ́, Ìrètí àti Ìfẹ́ ní èdè wọn. Nígbà tí ó fi máa di 2005 wọ́n ti ń ta iná, èrè rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi tún àwọn ilé tó ti hẹ́gẹhẹ̀gẹ ṣe. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kò tó agbára ẹyọ kan ṣoṣo ní Turkana! Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ìyàtọ̀ wà.

Ibi tí ó ti kàn wá nìyí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ilẹ̀ títà yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí a fún ènìyàn dáko. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dáko a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe nítorí iye rẹ̀, bí kò ṣe kí ó má baà gbàgbé onílẹ̀. Lójú tèmi, ìṣákọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa san, fún bí ọdún 20 sí 25 tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, kí àgbẹ̀ sì máa gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ láàárín òpó kan sí èkejì. Kí wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí yóò hú òpó àti kọnkéré kúrò lọ́jọ́ tí ó bá gbó. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀. Ìwé lè gba orí àwọn àgbà kọjá láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Mo ti ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí wọn létí jọ. Oko ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò nira, ìṣákọ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Èyí tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni orúkọ tí a ó pe ìpín tí ará abúlé ní nínú ẹ̀rọ, irú ti àwọn ará Gigha. “Àjọni” ni mo ń lò ní báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú.