Àyẹ̀wò Dókítà Nílé Ìtọ́jú Arúgbó

Lọ́dún 1935, wọ́n fi ilé kan tí wọ́n ń kó àwọn aláìní tó ń ṣàìsàn sí ní Isleworth, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, sábẹ́ àbójútó dókítà obìnrin kan, Marjory Warren. Aláìsàn 714 ló bá níbẹ̀, arúgbó ló sì pọ̀ nínú wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà tọ̀sán tòru, ẹlòmíràn ti lo ọdún gbọọrọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ wọ́n wò dáadáa mọ́, torí gbogbo èèyàn ti gbà pé ogbó ló ń ṣe wọ́n, ogbó ò sì lóògùn.

Warren ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí àwọn tí kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ wọn ju pé ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti mú orúnkún wọn gan. Ó ní kí wọ́n kun ilé náà, kí iná ibẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn èèyàn náà ní ìdìde àti ìrìn. Ọ̀pọ̀ dìde lóòótọ́, àwọn kan tilẹ̀ padà sílé wọn. Nígbà tó di 1943, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àwọn oníṣègùn, pé ó yẹ kí ìtọ́jú àgbàlagbà ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Ojú ọ̀nà tó là yẹn náà ni wọ́n ń tọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Láti oṣù kẹwàá 2020, àdéhùn NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ni pé kí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àwọn dókítà àdúgbò (GP) tó ń mójú tó o, kí òṣìṣẹ́ ìlera sì máa yí ká ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí arúgbó tuntun bá wọlé, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 7 lọ kí wọ́n tó kọ ètò ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, lọ́hùn-ún mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: àwọn ni dókítà ń bi léèrè bóyá màmá jẹun lánàá.

Kí ni wọ́n ń wò gan-an? Ká ní ìyá kan ń ṣubú ṣáá. Wọ́n á ní kó dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Yóò dìde dúró, wọ́n á wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú 1, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kẹta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òyì ìdìde ló ń gbé ìyá ṣubú. Àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò ló fà á! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú gbogbo oògùn arúgbó wò níkọ̀ọ̀kan: èyí wo ló ṣì wúlò, èyí wo ló ń bá èkejì jà?

Wọ́n á wo ojú, etí, ẹsẹ̀, eyín àti bí ara ṣe wúwo sí. Ẹlòmíràn tí wọ́n ń sọ pé kò gbọ́ràn mọ́, ìdọ̀tí ló dí i létí.

Ti ọpọlọ ló gba sùúrù jù. Ìdánwò kan wà láti 1972 tó ní ìbéèrè 10. Wọ́n á bi èèyàn lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ọdún tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, àti orúkọ ọba tó wà lórí oyè, wọ́n á sì ní kó kà láti 20 padà sí 1. Ó dára fún ẹni tó dàgbà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bàbá tí wọ́n bí sí oko Ìjẹ̀ṣà, tí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, lè kùnà níbẹ̀ kí orí rẹ̀ sì pé pérépéré. Àrùn ìgbàgbé sì lè kọ́kọ́ gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu èèyàn, kó ku Yorùbá nìkan.

Ohun kan tún wà tí àwọn ẹbí máa ń ṣì mú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ já gaara lọ́jọ́ Ajé, tó wá ń sọ kántankàntan lọ́jọ́rú, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣarán. Àkóràn, àìrígbẹ́yà, àìmomi tó tàbí oògùn tuntun lè fa irú rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó ń lò sílẹ̀ fún dókítà, àti àgbo tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti ilé. Ẹ sọ ohun tó lè dá ṣe lóṣù tó kọjá tí kò lè dá ṣe mọ́. Bí kò bá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ má ṣe di ògbufọ̀ fún un fúnra yín, torí ọ̀rọ̀ wà tí ìyá ò ní lè sọ lójú ọmọ. Ẹ béèrè ògbufọ̀ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé. NHS ló ń sanwó rẹ̀.