Oòrùn Ọ̀sán àti Awọ Ara Àfín

Ẹ̀yin ènìyàn wa, abẹ́ oòrùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹun. Àgbẹ̀ ń kọ ebè, bíríkìlà ń mọlé, ìyá ọlọ́jà pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Oòrùn kan náà ni ó ń pa gbogbo wa, ṣùgbọ́n ti àfín le ju ti àwa yòókù lọ.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ohun kan wà nínú awọ ara tí ó ń mú kí ènìyàn dúdú. Ó dà bí agboòrùn tí a bí mọ́ wa. Lára àfín, ohun náà kéré púpọ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá. Ìdí nìyí tí oòrùn fi ń tètè jó wọn lára.

Àwọn kan a máa wí pé, "Iyọ̀ ni àfín jẹ tí ara rẹ̀ fi ní àmì wẹ́wẹ́." Rárá o! Iyọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ojú, etí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni àmì náà ti ń pọ̀ jù, níbi tí oòrùn ti ń bà. Abẹ́ aṣọ kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe iyọ̀ ni, ṣé kò ní kárí gbogbo ara?

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí àmì nìkan. Bí oòrùn bá ń jó awọ ara lọ́dọọdún, ó lè di àrùn jẹjẹrẹ. Àrùn yìí ti pa ọ̀pọ̀ àfín láìtọ́jọ́.

Báwo ni a ó ṣe dènà rẹ̀?

1. Kí àfín máa wo òjìji rẹ̀. Bí òjìji náà bá kúrú jù ú lọ, kí ó wá ibòji. Láti nǹkan bí aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń le jù.

2. Kí ó wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò tàbí ìró tí ó balẹ̀. Ẹ gbé aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń rí òdìkejì rẹ̀, kò nípọn tó.

3. Kí ó dé akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ yí ká. Fìlà lásán kò bo etí àti ọrùn.

4. Bí owó bá wà, kí ó ra ìpara tí ń dènà oòrùn, èyí tí a kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Kí ó máa tún un fi pa ara ní wákàtí méjì-méjì. Ìpara tí ń bó ara kọ́ ni a ń wí o!

5. Kí a fi iṣẹ́ abẹ́ ahéré sílẹ̀ fún un ní ọ̀sán, bíi bíbó ẹ̀gúsí àti yíyín àgbàdo. Kí olùkọ́ má sì ṣe rán ọmọ àfín lọ gé koríko ní ọ̀sán gangan.

Bí egbò kan bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò jinná, ẹ má fi àgbo fi àkókò ṣòfò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí a bá tètè rí jẹjẹrẹ awọ ara, dókítà lè gé e kúrò.

Láti ọdún 2015 ni a ti ń ya ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ káàkiri ayé nítorí àwọn àfín. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sétí aládùúgbò yín lónìí.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń fa àmì wẹ́wẹ́ lára àfín?
2. Báwo ni òjìji ṣe ń sọ fún wa pé oòrùn ti le?
3. Egbò wo ni a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn?