Bí Òpó Ò Bá Gbé E, Kí Wáì-fáì Gbé E: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ tó Kọ́lé sí Mowé

Ọmọ mi, ilé tuntun ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ní Mowé àti Ìbàfò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò yára tó bíríkìlà. Ẹ̀gbẹ́ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ni òpó fẹ́ràn, níbi tí èrò àti owó pọ̀ sí. Ìwọ wá wọnú lọ́hùn-ún lọ ra ilẹ̀, o fi búlọ́ọ̀kù mọlé, o da dẹ́kì, o fi páànù bò ó, lẹ́yìn náà o ń dúró lẹ́nu fèrèsé tí o ń pariwo “Hẹ́lò! Hẹ́lò! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Páànù àti irin tó wà nínú dẹ́kì yẹn gan-an wà lára ohun tó ń dá agbára òpó dúró kó má wọlé.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fóònù ọwọ́ rẹ lè ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n mo ti tó ọkùnrin nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tí ìṣẹ́jú kan ń jẹ ₦50, tí ẹni tó bá fẹ́ pe ará Èkó láti Owódé Ẹ̀gbá á kọ́kọ́ wá ibi gíga tí yóò dúró sí. Lónìí, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wi-Fi calling ń jẹ́ kí ìpè gba orí Wáì-fáì ilé rẹ kọjá, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ gan-an, láìlo òpó rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò: fóònù, síìmù, ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù, àti íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Bí ọ̀kan bá yọwọ́, àwọn mẹ́ta yòókù ń ṣe lásán ni. Mọ èyí tó yọwọ́ kí o tó náwó kọ́bọ̀.

1. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ìdí ni pé àwọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn yìí láti ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì máa ń yan irú fóònù tí wọ́n á gbà wọlé. Fóònù méjì lè ní ibi tí a ti ń tan Wi-Fi calling, kí ilé-iṣẹ́ gba ọ̀kan, kí ó má gba èkejì. Pe 300, tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ti sọ di nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ọdún 2023. Bi wọ́n bóyá wọ́n ní VoWiFi, nítorí orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Tí o bá kàn ní “Wáì-fáì”, wọ́n á máa ta dátà fún ọ. Lẹ́yìn náà, dárúkọ irú fóònù rẹ ní kíkún, kí wọ́n sọ bóyá ó wà lára àwọn tí wọ́n gbà.

2. Tí ó bá jẹ́ fóònù tòkunbọ̀ ni o fẹ́ rà ní Computer Village n’Ìkejà, fi síìmù tìrẹ sí i kí o tó sanwó, kí o sì wá Wi-Fi calling níbẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Fóònù tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tàbí ní Kòríà máa ń gbé ètò ilé-iṣẹ́ yẹn sínú. Bí síìmù Nàìjíríà bá wọ inú rẹ̀, ibi tí ò ń wá lè má yọjú rárá, bẹ́ẹ̀ fóònù náà kò bàjẹ́, ó ń ya fọ́tò, ó ń wo YouTube. Òǹtajà á ní, “Bọ̀ọ̀dá, á yọ tẹ́ ẹ bá délé.” Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ló wà nílé rẹ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

3. Pààrọ̀ síìmù tó ti gbó. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń lo síìmù tí a rà kí 4G tó dé, a kàn ń gé e kéré sí i bí a ṣe ń pààrọ̀ fóònù. Lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN rẹ, kí wọ́n fún ọ ní ti 4G lórí nọ́ńbà kan náà. Bí fóònù rẹ bá jẹ́ onísíìmù méjì, rántí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tan Wi-Fi calling fún wọn.

4. Tan VoLTE, ìyẹn ìpè orí 4G, pọ̀ mọ́ Wi-Fi calling, má tan ọ̀kan kí o fi ìkejì sílẹ̀. Lórí iPhone, inú Settings ni o ti máa rí Wi-Fi calling, lábẹ́ Phone (lórí iOS tuntun, inú Apps ni Phone wà). Lórí Samsung, ṣí ibi tí o ti ń tẹ nọ́ńbà, tẹ tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kí o wá Settings. Lórí Tecno àti Infinix, ó sábà máa ń wà níbi tí ètò síìmù wà. Bí o bá wá a tì, kọ “Wi-Fi calling” sí àyè ìwákiri tó wà lókè Settings, yóò gbé e jáde bí ó bá wà. Bí ó bá bi ọ́ léèrè èyí tí o fẹ́ kó máa kọ́kọ́ lò, mú Wi-Fi preferred. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù á máa rọ̀ mọ́ òpó tó ń kú lọ títí ìpè á fi já.

Ìdí tí mo fi ní kí VoLTE wà níbẹ̀ rèé. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò Ìbàfò máa ń gba ìpè oníbàárà rẹ̀ nínú pálọ̀, ohùn á dùn bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Bó bá ti rìn dé géètì, tí Wáì-fáì ò dé ibẹ̀ mọ́, ìpè á já wìì. Ó ti ń bínú sí ráútà. Ráútà kò ṣẹ̀ ẹ́: bí VoLTE bá wà ní títàn, tí 4G sì wà níta, ìpè á fò láti orí Wáì-fáì bọ́ sórí 4G láìjá. Bí ó bá jẹ́ 2G tàbí 3G nìkan ló wà níta, á já, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i ju kó padà sínú ilé lọ.

5. Dán an wò kí o tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Tan Airplane mode, kí gbogbo òpó kú. Lẹ́yìn náà, tan Wáì-fáì nìkan. Dúró díẹ̀, kí o wo òkè fóònù: lórí ọ̀pọ̀ Android, wàá rí fóònù kékeré tí àmì Wáì-fáì dúró tì, tàbí VoWiFi, lórí iPhone, Wi-Fi á tẹ̀lé orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ tàbí nínú Control Center. Wá pe ẹnì kan. Bí ó bá wọlé, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tí kò bá dán an wò báyìí lè máa rò pé Wáì-fáì ló ń lò, kó má mọ̀ pé òpó ló ṣì ń gbé e.

6. Mọ ibi tí Wáì-fáì tìrẹ ti ń bọ̀. Bí o bá ra MiFi, ráútà kékeré onísíìmù, tí o fi síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà tí kò gbé nílé rẹ sí i, tí o gbé e sí àárín yàrá, kí lo ṣe? Òpó kan náà tó já ọ kulẹ̀ lo tún padà lọ bẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ni kó wà nínú ráútà, kí o gbé e lọ sókè, sẹ́nu fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Ẹni tí òpó kankan kò gbé fún rárá, tí owó rẹ̀ sì ká a, Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, òun kò bá òpó da nǹkan kan pọ̀.

7. Má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Káàdì rẹ á máa lọ bí ìgbà tí o pe èèyàn lórí òpó, dátà sì tún ń lọ sí i, bíi mẹ́gábáìtì kan ní ìṣẹ́jú kan. Dátà yẹn kò tó nǹkan. Káàdì ni kí o máa wò, pàápàá láti ìgbà tí NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ìdá tí kò ju àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé owó wọn. Wàá ní, “Bàbá, kí ló dé tí mi ò ní lo WhatsApp?” Lò ó fún ẹni tó bá ní in. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ àgbà tó wà ní Ọ̀fàdà, tó ń lo Nokia onítọ́ọ̀ṣì, kò mọ WhatsApp kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ti Wi-Fi calling, ìwọ nìkan ló nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà rẹ ni Màmá á rí lójú fóònù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ oríkì. Báńkì náà bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì tí o kọ̀wé sí fún iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà rẹ ni wọ́n máa pè, wọn kò ní wá ọ lọ sórí WhatsApp.

8. Tọ́jú iná ráútà ju bí o ṣe ń tọ́jú ráútà fúnra rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ iná IBEDC lè mú iná lọ nígbàkúùgbà, bí ráútà bá sì ti kú, ìpè kú nìyẹn, ìbáà ṣe ọ̀gá rẹ lo ń bá sọ̀rọ̀. Mini UPS kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́yìn ráútà kò wọ́n tó jẹnẹrétọ̀, á sì gbé e títí wàá fi parí ọ̀rọ̀. Má fi ráútà sẹ́yìn fíríìjì, irin ni. Bí ohùn bá sì ń gé nígbà tí àwọn àbúrò rẹ ń wo bọ́ọ̀lù lórí Wáì-fáì kan náà, o ti mọ ẹni tó ń jẹ dátà ẹ.

9. Bí Wáì-fáì bá dára, tí WhatsApp ń lọ, síbẹ̀ tí Wi-Fi calling kọ̀, wo bóyá áàpù VPN wà ní títàn lórí fóònù rẹ kí o tó wo nǹkan mìíràn, kí o sì pa á. Ìpè yìí kì í rìn ní gbangba. Fóònù rẹ á dì í kó tó gbé e fún íntánẹ́ẹ̀tì, bí lẹ́tà tí a lẹ̀ pa tí a fún awakọ̀: awakọ̀ ń gbé e lọ, kò lè kà á. VPN máa ń gbé e gba ìlú òkèèrè kọjá, ilé-iṣẹ́ sì lè rò pé o ti kúrò ní Nàìjíríà, kó tilẹ̀kùn. Àwọn ráútà kan wà pẹ̀lú, pàápàá ti ọ́fíìsì àti ti ilé ìwé, tí kì í jẹ́ kí irú ẹrù dídì bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹni tó ń bójú tó o ló lè ṣí ojú ọ̀nà UDP 500 àti 4500 fún un.

Bí o ò bá mọ ẹni tó jẹ̀bi, yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. So fóònù rẹ mọ́ hotspot aládùúgbò. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ráútà rẹ ni. Bí kò bá ṣiṣẹ́, fi síìmù rẹ sínú fóònù ẹlòmíràn tí Wi-Fi calling ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ó bá gbà, fóònù rẹ ni; bí ó bá tún kọ̀, síìmù tàbí ilé-iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá yí ráútà, síìmù àti fóònù padà lọ́jọ́ kan náà, bí ó bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, kò ní mọ ohun tó tún un ṣe.

10. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ pa gbogbo nǹkan inú fóònù rẹ́ nítorí Wi-Fi calling. Pa fóònù kí o tún un tàn, ṣe software update, pa Wi-Fi calling kí o tún un tàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, Reset network settings ni ìkẹyìn: fọ́tò rẹ kò ní lọ, ṣùgbọ́n gbogbo páásíwọ́ọ̀dù Wáì-fáì tí fóònù ti mọ̀ á lọ, nítorí náà kọ wọ́n sílẹ̀ ṣáájú.

11. Má gbẹ́kẹ̀ lé e fún ohun tí kò lè ṣe. Kóòdù báńkì tí à ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń nílò òpó. Bí Airplane mode bá wà ní títàn, á kọ̀. Ní ti 112, bí òpó kankan bá wà nítòsí, jẹ́ kí fóònù lò ó. Lórí Wáì-fáì, ẹni tó gbé ìpè lè má rí ibi tí o wà, torí náà kọ́kọ́ sọ àdúgbò àti òpópónà rẹ kí o tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

12. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti Amẹ́ríkà dé fún Kérésìmesì, kìlọ̀ fún un. Pẹ̀lú síìmù T-Mobile lórí Wáì-fáì rẹ ní Mowé, ọ̀fẹ́ ló sábà máa ń jẹ́ tó bá pe nọ́ńbà Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n tó bá fi síìmù yẹn kan náà pe mẹkáníìkì tó wà lójúde, ìpè òkèèrè ni wọ́n máa kà á sí, dọ́là ni wọ́n sì máa fi gba owó rẹ̀. Ra síìmù ilé fún un.

13. Nígbà tí o bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, múra sílẹ̀. Kọ irú fóònù rẹ, ọjọ́ àti àkókò tí ìpè kọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni Wáì-fáì rẹ, àti ohun tí ìdánwò ti ìmọ̀ràn kẹsàn-án fi hàn ọ́. Pe 300, kí o sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn kí o tó gbé fóònù sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣeré, pe NCC lórí 622. Nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, nítorí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí o ti kọ́kọ́ lọ.