Kí Ọwọ́ Kọ́kọ́ Tẹ Èèkù

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ ọkọ̀ ọ̀tọmátíìkì, síbẹ̀ n kò mọ ibi tó ti wúlò ju ilé mẹkáníìkì lọ. Ọkọ̀ yín wà lórí jáàkì. Gíà rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí páálí, àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì, ọ́ìlì ń kán sínú abọ́. Ìgbà yẹn lẹ wá ń pariwo pé olè lọkùnrin tó mú sípánà lọ́wọ́. Kò ní bá yín jà. Yóò kàn ní, "Kò burú, Mọ̀mí, ẹ wá gbé mọ́tò yín," yóò sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Báwo lẹ ó ṣe gbé e?

Ẹni tó ń gbé Ìpọ̀nrí mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Costain ti tò dé Alákà, oòrùn ń mú, ọkọ̀ ń rìn díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀ lórí Western Avenue, tí ìjọba ti sọ di Funsho Williams Avenue àmọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pe orúkọ àtijọ́. Ooru irú ìrìn báyẹn gan-an ló ń pa gíà ọ̀tọmátíìkì, torí ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì náà ló sì ń gbóná. Lójijì, ẹ tẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Tàbí kí ó gbá yín nídìí bí ẹ bá ti fà á sí D. Mẹkáníìkì àdúgbò dé, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. "Ọ̀gá, gíà yín ti kú. Ẹ jẹ́ ká lọ Ládípọ̀ lọ ra Belgium." Ọjà párátì ni Ládípọ̀, àlòkù òkè òkun ni wọ́n sì ń pè ní Belgium.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ọkọ̀ tó ń gbáni lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì síìtì rẹ̀, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì ró, ló ti já. Ọkọ̀ tí kò fẹ́ fà lè jẹ́ pé ọ́ìlì gíà ni kò tó. Sólẹ́nọ́ìdì kan lè ti bàjẹ́, tàbí kí eku ti gé wáyà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo èyí, owó rẹ̀ kò súnmọ́ owó gíà. Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, làpálàpá ni wọ́n ń gba owó ẹ̀tẹ̀ lé lórí.

Ẹ wo RAV4 ọdún 2001 sí 2003, tó pọ̀ ní Èkó nígbà kan. Gíà rẹ̀ a máa gbá bí ó bá ń yí. Ẹni tó bá bọ́ gíà náà dànù tó ra òmíràn, yóò rí i pé èyí tuntun náà ń gbá. Bréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà, ni ọ̀daràn. Toyota fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì sún àsìkò tí òun yóò fi máa pààrọ̀ bréènì-bọ́ọ̀sì náà lọ́fẹ̀ẹ́ dé ọdún 10 tàbí máìlì 150,000. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀ láìtún un ṣe, bréènì náà yóò ba gíà jẹ́ lóòótọ́, gíà kejì tó rà ní Ládípọ̀ yóò sì tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lọ.

Ní ìpínlẹ̀ California, òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni tó sọ gíà ọ̀tọmátíìkì kalẹ̀ láti tún un ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó wà lára ìta rẹ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe tàbí pípààrọ̀. Ẹ sọ òfin yẹn di tiyín. "Bọ̀ọ̀dá, kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ síkáànù rẹ̀ lójú mi, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó gbé jáde hàn mí." Ẹ fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ síkáànù náà. Bí ọkọ̀ yín bá ní igi ìwọ̀n ọ́ìlì fún gíà, ẹ fà á jáde fúnra yín, ẹ kán ọ́ìlì sórí ìwé funfun. Èyí tó pupa tó mọ́, ara rẹ̀ yá. Èyí tó dúdú tó ń rùn fín-ín, ooru ti jẹ gíà náà. Èyí tó rí bí ògì tí wọ́n po mọ́ sóbò, omi rédíétọ̀ ti ráàyè wọlé, àfi kí ẹ wá ọ̀nà omi náà kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo ọ́ìlì WS kò ní igi ìwọ̀n rárá: wọ́n ń jẹ́ kí gíà gbóná dé ìwọ̀n kan, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, èyí tó bá ṣàn jáde ni àṣẹ́kù. Ẹni tó fojú dá a, ó lè dín, ó lè pọ̀ jù, méjèèjì ló ń ba gíà jẹ́. Toyota tó dàgbà díẹ̀ ń lo T-IV, Honda ń lo DW-1, Nissan tó ní gíà CVT ń lo NS-2 tàbí NS-3. Mẹkáníìkì tó ní "ọ́ìlì gíà, ọ́ìlì gíà náà ni," tó sì fẹ́ da èyíkéyìí sínú CVT, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wa ọkọ̀ yín lọ nígbà tó ṣì ń rìn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kì í ṣe gbogbo gíà tó kú lẹ́ẹ̀kejì ni mẹkáníìkì pa. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó kọ́ àwọn ọ̀gá òde òní níṣẹ́, orí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná àti ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Òjó láti ọdún 1975 ni wọ́n ti kọ́ ọ, gíà tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ojú àti etí tó ìwòsàn ìgbà yẹn. Ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń yí gíà rẹ̀ kò gbọ́ èdè etí. Àwọn tòkunbọ̀ náà sì ń gbé àìsàn tiwọn wọ̀lú: ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíà ọ̀tọmátíìkì wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà a máa darúgbó ní Èkó. Àwa oníbàárà náà ń kọ́? A ra ọkọ̀ láìbèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀ kẹ́yìn, a ní kí mẹkáníìkì lọ ra gíà tí owó rẹ̀ kéré jù, tó bá kú tán, a ní ó lù wá ní jìbìtì.

Àmọ́ ẹni tó fẹ́ lù yín ní jìbìtì wà. Nítorí tirẹ̀ lẹ ṣe ń wá èèkù.

Kí gíà tó kúrò lára ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńtì sàmì kékeré sí ibi tí kò hàn. Gíà tí wọ́n bá kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ṣì lówó lórí, torí ẹlòmíràn á tú párátì inú rẹ̀ tà. A sì ti gbọ́ ti gíà tó kú ní òwúrọ̀ tó sì jí dìde nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó di alẹ́. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ó gbé ògbólógbòó yín lọ sílé. Bí mẹkáníìkì bá ń kùn sí i, ẹ ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀. N kò ní kí ẹ lọ pe lọ́yà wá sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. WhatsApp tó. "Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Bí a ṣe sọ ọ́ lónìí: ẹ ó pààrọ̀ gíà Camry mi sí Belgium, owó gíà jẹ́ báyìí, owó iṣẹ́ jẹ́ báyìí, ọ́ìlì WS ni ẹ ó lò, ẹ sì gbà pé tó bá ṣe nǹkan láàárín oṣù báyìí ẹ ó tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn." Bí ó bá fèsì "OK Mọ̀mí," ó lè di ẹ̀rí, torí òfin ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 gba ohun tó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé ní kóòtù. Bí ẹ bá sì ń lọ Ládípọ̀, ẹ bá a lọ, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ojú rẹ̀ là. Kí rìsíìtì jẹ́ orúkọ yín, kí ó ní nọ́ńbà gíà nínú, kí ẹni tó tà á kọ iye ọjọ́ tó fi sílẹ̀ fún ìdánwò síbẹ̀. Rìsíìtì tí mẹkáníìkì nìkan gbà, òun nìkan ni yóò lè fi dá gíà padà.

Ẹ má san gbogbo owó iṣẹ́ tán. Owó párátì, ó di dandan. Owó iṣẹ́, ẹ fi èyí tó nítumọ̀ sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìdánwò.

Ó wá ṣẹlẹ̀ ná. Ẹ ti gba ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé, gíà tún ń yọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù tó bà lórí ẹpọ̀n. Àṣìṣe tí èèyàn sábà ń ṣe níbí ni pé inú á bí i, á wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, ìyẹn á tú u, ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́. Bí ẹlòmíràn bá ti tú u, ẹni àkọ́kọ́ ti bọ́: "Ọwọ́ ẹlòmíì ti kàn án, Mọ̀mí, n ò mọ ohun tó ṣe níbẹ̀." Ẹlẹ́ẹ̀kejì lè síkáànù, ó lè wo ọ́ìlì, ó lè wà á wò kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kó má fi sípánà kàn án. Títú di ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè é tí kò wá.

Ẹni àkọ́kọ́ náà yóò sọ pé ẹ kò mọ ọ́n wà. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù. Àwọn tó tóbi jù ú lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní Australia, Ford gbọ́ ẹ̀sùn lórí gíà PowerShift tó wà nínú Fiesta, Focus àti EcoSport, pé ó ń gbọ̀n. Wọ́n ń dá oníbàárà lóhùn nígbà míì pé bí wọ́n ṣe ń wà á ló fà á, wọ́n sì mọ̀ pé gíà náà ní àléébù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà ní kí Ford san owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 dọ́là ilẹ̀ wọn. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé tí oníbàárà kọ ránṣẹ́ a máa wúlò ju ariwo tí ẹnikẹ́ni pa lọ.

Tiwa náà ní òfin. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 2018, tó wà lọ́wọ́ àjọ FCCPC, sọ pé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kí ó ṣe é bó ṣe yẹ, kí ó sì dá ohun ìní yín padà láìburú ju bí ó ṣe gbà á. Bí ó bá kùnà, ẹ lè ní kí ó tún un ṣe, tàbí kí ó dá iye tó bá àbùkù náà mu padà nínú owó yín. Ohun àlòkù tàbí àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ta Belgium fún yín lórúkọ tuntun ti kọjá ààlà.

Ibo lẹ ó wá gbé e lọ? Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ wọn. Àwọn mẹkáníìkì wà lábẹ́ NATA, alága àdúgbò sì máa ń fẹ́ kí orúkọ ibùdó òun mọ́. Ó mọ gíà ju adájọ́ lọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi fọ́tò àti WhatsApp gbé síwájú rẹ̀ lè parí níbẹ̀. Bí kò bá parí, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó fún ìdáàbòbò oníbàárà, wà. Citizens' Mediation Centre ìjọba Èkó náà wà, ọ̀fẹ́ ni ìlàjà níbẹ̀, èmi ni mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ tó dé kóòtù, torí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ yín kò sì wọ́pọ̀.

Ẹ má lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn nílùú yìí. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kọ̀ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán, owó tí ẹ ó sì ná níbẹ̀ lè ra ọ́ìlì tó dára. Bí jìbìtì bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ó bá gbé gíà yín tà fún àpẹẹrẹ, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kóòtù àwọn gbèsè kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láti oṣù Kẹrin ọdún 2018, lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì. Gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, ẹ lè sọ ẹjọ́ yín fúnra yín láìsí lọ́yà, wọ́n sì fi ọjọ́ 60 sílẹ̀ kí ẹjọ́ fi parí. Ẹ ó ti kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó sí mẹkáníìkì náà. Àmọ́ owó tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń bá ni gbà níbẹ̀. "Ó ba gíà mi jẹ́" lásán kò tíì ní iye. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbàkigbà tí mẹkáníìkì bá gbà, ì báà jẹ́ níwájú alága NATA tàbí níbi ìlàjà, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: iye tí òun yóò dá padà, ọjọ́ tí òun yóò san án, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá sì jọ fẹnu kò sí i pé kí ó tún gíà náà ṣe, kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ jókòó tì í nínú ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí ó dán an wò ní tútù nínú ọgbà. Ẹ jọ wà á gba Western Avenue lọ dé Ojúẹlẹ́gbà ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ń wọ́, kí ẹ jọ wà á padà. Gíà tó bá fẹ́ yọ̀ yóò yọ̀ nígbà tó bá gbóná tán, lójú ẹ̀yin méjèèjì.